Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún oní-tẹlisíkóòpù "675x" tó ń pàdé oníbàárà ní Tàkié

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ń wá irinṣẹ́ tí ẹ ó fi máa ya ìràwọ̀, pàápàá ẹ̀yin ọmọ LAUTECH tí owó yín kò pọ̀, ẹ dákun, ẹ dá owó yín dúró ná. Ọkùnrin kan wà tó ń gbé tẹlisíkóòpù tòkunbọ̀ sórí WhatsApp rẹ̀, tó ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé "675x, ó ń ya Saturn kedere", ìyẹn ni pé á sọ ohun tí ẹ ń wò di ńlá ní ìlọ́po 675. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Tàkié ló máa ń ní kí ẹ ti wá bá òun, ìgbà tí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú ni. Ẹ ó ti sanwó kí ẹ tó fojú kan ọjà, orúkọ tí ẹ ó sì rí lórí àkáǹtì kì í ṣe orúkọ tó ń jẹ́ fún yín. Páálí tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù wé yíká ló máa gbé lé yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ tú u wò, á ní eruku á kó wọnú dígí, pé ilé ni kí ẹ ti lọ tú u. Jìbìtì ni.

Àbúrò kan tó ń gbé ní Under G ló gbé tiẹ̀ wá bá mi. Mo fi rúlà wọn dígí iwájú rẹ̀, kò ju mìlímítà 60 lọ. Wọ́n kọ focal length 900 mm sí i lára, ìyẹn bí ó ṣe jìnnà tó láti dígí iwájú dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń parapọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe rí 675 tí wọ́n ń pariwo: awò kékeré tí a ń fojú wò jẹ́ 4 mm, ẹ fi 4 pín 900, ó di 225, wọ́n wá fi Barlow onílọ́po mẹ́ta (awò àfikún tó ń sọ àwòrán di ńlá sí i) kún un, ó di 675. Ìṣirò náà kò lábùkù. Ohun tí wọn ò sọ ni pé bí dígí iwájú ṣe fẹ̀ tó ló ń pinnu ibi tí a lè sọ àwòrán di ńlá dé. Dígí 60 mm kò lè gbé ju nǹkan bí ìlọ́po 120 lọ, ìyẹn ìlọ́po méjì iye mìlímítà rẹ̀. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, ìkùukùu tó ń gbọ̀n ni ẹ ó máa wò. Àwọn àwòrán aláràbarà tó wà lára páálí kò sì lè ti inú rẹ̀ jáde láé. Irú èyí tí Hubble ń yà ni, tẹlisíkóòpù ńlá tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2.4, tó sì ti ń yí ayé po lókè lọ́hùn-ún láti ọdún 1990.

Kí n má parọ́ mọ́ irinṣẹ́ náà o. Tẹlisíkóòpù 60 mm tó pé, tí ẹ bá fi awò 20 mm sí i, ìlọ́po 45 nìyẹn. Ẹ ó rí àwọn kòtò ojú òṣùpá, ẹ ó rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Jupiter ká, òrùka Saturn náà á yọ tíńtín. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí ṣe sọ ọ́, tó sì tà á ní iye tó tọ́ sí i, èmi gan-an ì bá bá a polówó. Ṣùgbọ́n èyí tó tà fún ọmọ yẹn, inú dígí iwájú rẹ̀ ti hu bíi búrẹ́dì ọjọ́ kẹfà. Ibi tó yẹ kó mú ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ró ti kán, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Ihò tí a ń ki awò bọ̀ jẹ́ ti àtijọ́, 24.5 mm, bẹ́ẹ̀ 31.7 mm ló wọ́pọ̀ báyìí, nítorí náà awò tó bá rà lónìí kò ní wọ̀ ọ́.

Mo pe ọkùnrin náà. Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀: "Bọ̀dá, kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀rọ yẹn. Ojú ọ̀run Ògbómọ̀ṣọ́ ni ò dáa." Òótọ́ ni pé eruku ọyẹ́ máa ń bo ìràwọ̀ mọ́ wa lójú, ṣùgbọ́n ọyẹ́ kọ́ ló kán ẹsẹ̀ tẹlisíkóòpù. Ó pa fóònù, láti ìgbà náà ìpè mi kò wọlé sí i mọ́.

Ohun tó mú mi kọ èyí gan-an kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Dígí dúdú róbótó kan wà nínú páálí náà, wọ́n kọ SUN sí i lára. Ọkùnrin náà ní kí ọmọ yẹn dè é mọ́ awò, kó máa fi wo oòrùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Ìtòsí ibi tí gbogbo ooru tí tẹlisíkóòpù kó jọ ń parapọ̀ sí ni dígí yẹn ń jókòó. Ó lè sán nígbàkígbà, ojú á sì ti fọ́ kí onítọ̀hún tó rántí yẹra. Fílítà oòrùn tó ṣeé gbára lé, iwájú tẹlisíkóòpù ló ń wà, tí á bo gbogbo ẹnu rẹ̀ pátá, kí ooru náà má tilẹ̀ ríbi wọlé. Èyí tó wà nínú páálí ọmọ yẹn, òòlù ni mo fi fọ́ ọ. N kò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin yìí ń ta kámẹ́rà tòkunbọ̀ pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tí ẹ bá ti fẹ́ rà á, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ǹsì, ẹ wò ó bóyá ó ti hu. Ẹ dé e lójú, ẹ gbé ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó) sí 1600, ẹ ya àwòrán ìṣẹ́jú-àáyá 30 nínú òkùnkùn yẹn, kí ẹ wá fẹ̀ ẹ́ lójú. Tótòtó aláwọ̀ díẹ̀ kò burú. Bí ó bá kún gbogbo ojú rẹ̀, ẹ má rà á. Kámẹ́rà Nikon máa ń kọ iye ìgbà tí wọ́n ti fi ya fọ́tò sínú fáìlì fọ́tò fúnra rẹ̀, èyí tí ẹ ó fi mọ bí wọ́n ṣe lò ó tó, nítorí náà ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi fọ́tò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà ránṣẹ́.

Ó tún ní fláàṣì kan tó ń tà, pé sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń to àwòrán ìràwọ̀ léra wọn ló wà níbẹ̀. DeepSkyStacker àti Siril ni. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì! Dátà yín nìkan ni ẹ ó ná.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó, fóònù tó ní Pro mode (ibi tí ẹ ti lè fọwọ́ ara yín ṣètò kámẹ́rà rẹ̀) àti ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti tó bẹ̀rẹ̀. ISO 1600, ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí ẹ lo táímà kí ọwọ́ yín má gbọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà Canon tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré (APS-C) pẹ̀lú lẹ́ǹsì 18 mm, kó má kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 17, torí ayé ń yí, ìràwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà gùn.

Ẹni tó bá ti fowó ránṣẹ́ sí ọkùnrin yìí, kó pe báńkì rẹ̀ lónìí, kó má pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́, kó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo la fẹ́ gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí orúkọ gbogbo wa lè wà níbẹ̀.