Ọjọ́ kan létí omi Ọ̀yán: ẹyẹ pọ̀, mọ́tò ló pẹ́

Àwa márùn-ún la jọ lọ: èmi, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà, ìyàwó rẹ̀, àtàwọn méjì tá a jọ jáde ìwé. Orí WhatsApp la ti rí ìpolówó àwọn kan pé àwọn máa ń kó èèyàn láti Abẹ́òkúta lọ wo ẹyẹ létí omi Ọ̀yán, wọ́n á sì dá wọn padà kílẹ̀ tó ṣú. ₦18,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, mọ́tò, ọkọ̀ ojú omi àti oúnjẹ ọ̀sán wà nínú rẹ̀. Owó náà kò dùn mí.

Àárọ̀ ló dùn mí. Aago mẹ́fà ni wọ́n ní ká wà ní Kútọ̀. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mọ́tò yọ, dírẹ́bà ní epo lòún lọ rà. Kùtùkùtù lọjà ẹyẹ máa ń kún. Bí oòrùn bá ti mú, oníkálukú á wábi ìbòòji forí pa mọ́ sí. A gba Láfẹ́nwá bọ́ sọ́nà Ayétòrò. Ní ti kòtò ojú ọ̀nà yẹn, ẹ má bi mí.

Nígbà tá a dé etí omi, ìbínú mi rọlẹ̀. Láti 1983 tí wọ́n ti sé odò Ọ̀yán, omi náà ti tẹ́ rẹrẹ, ó bo nǹkan bíi 4,000 hẹ́kítà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú omi sínú odò Ògùn, táwa nílé àtàwọn ará Èkó fi ń rí mu. Látìgbà tí mo ti ń mu omi ẹ̀rọ, n kò dé ibẹ̀ rí.

Ọmọkùnrin tó mú wa rìn, inú fóònù ló ti ń ka orúkọ ẹyẹ, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá ibẹ̀ gan-an ni baba apẹja tó tu wá. Ẹyẹ kò tíì yọjú tí baba á ti gbé àjẹ̀ sókè, á ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo ọwọ́ òsì." Ohùn ló fi ń mọ̀ wọ́n. Òun ló fi ẹyẹ aláwọ̀ igi kan hàn wá, iwájú orí rẹ̀ búlúù, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ, tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà bí ẹni ń rìn lórí ẹní. A ní òṣíbàtà ló ń lékè omi. Ẹ wá wo ẹni tó lékè òṣíbàtà! Ọmọkùnrin wa wo fóònù, ó ní akọ rẹ̀ ló ń sàba, tó sì ń tọ́ ọmọ. Ìyàwó tíṣà yíjú sọ́kọ rẹ̀: "Dádì, ṣé ẹ gbọ́?" Tíṣà ń wo omi.

Èyí tí n kò lè gbàgbé ni ẹyẹ kékeré dúdú-òun-funfun kan tó dúró gan-an lójú òfuurufú, tó ń ju apá láìkúrò lójú kan, tó wá já ṣòòrò sómi bí òkúta. Ẹja ló gbé jáde. Bàìnókúlà méjì péré ni wọ́n kó wá fún àwa márààrún, nítorí náà ẹnu lẹlòmíràn fi wo ẹja yẹn. Ẹ mú tiyín dání.

Oúnjẹ ọ̀sán, n kò ní pa irọ́: làfún tó fẹ́lẹ́, ewédú, ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó látinú àwọ̀n. Mo bèèrè òkèlè kún un.

Ohun kan wà tó yẹ kí wọ́n sọ fún wa tí wọn kò sọ. Ọ̀kan nínú wa ti ń ká ṣòkòtò kó lè ki ẹsẹ̀ bọ omi, baba ló ké mọ́ ọn. Àtọ̀sí ajá wà létí omi yẹn. Ara ìgbín kéékèèké inú omi ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, á sì gba awọ ara wọlé. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ àlejò kò gbọdọ̀ fi ìyẹn sílẹ̀ fún apẹja láti sọ.

Nírọ̀lẹ́, àwọn lékeléke ń wọ́ kọjá lọ sùn, ọ̀wọ́ lórí ọ̀wọ́. Láìròtẹ́lẹ̀, àwa àgbàlagbà márùn-ún na ọwọ́ sókè, a ń tọrọ èékánná funfun bíi ti ìgbà èwe wa. Baba rẹ́rìn-ín títí àjẹ̀ fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún wọn nínú márùn-ún, baba ló ni méjì níbẹ̀. A máa padà lọ nígbà ọyẹ́. Bí mọ́tò wọn kò bá dé ní aago mẹ́fà géérégé, Láfẹ́nwá la ti máa wọkọ̀ tiwa. Nọ́ńbà baba wà lọ́wọ́ mi.