Gíríìlì èédú ọlọ́mọrí tí wẹ́dà ṣe ní Òṣogbo: bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí ó kù sí

Gíríìlì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun. Wẹ́dà kan níhìn-ín ní Òṣogbo ló gé àgbá epo onírin sí méjì, ó fi hínjì so apá òkè mọ́ apá ìsàlẹ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó sì tẹ́ irin aláwọ̀n sí i láàárín. A rà á nítorí pé ará ilé wa fẹ́ràn ẹja yíyan àti adìyẹ yíyan, a kò sì fẹ́ máa dúró di ìrọ̀lẹ́ kí àwọn tó ń yan ẹja lẹ́bàá títì tó pàtẹ. Láti ìgbà ọyẹ́ títí wọ inú òjò ni mo ti ń lò ó, ohun tí mo sì rí ni pé ọmọrí àti ihò atẹ́gùn rẹ̀ ni ènìyàn ń sanwó fún ní tòótọ́. Ẹni tó bá mọ àwọn méjèèjì lò yóò jẹ èrè owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ́ wọn, àdògán tó wà nílé tó o.

Lórí àdògán, bí iná bá ń kú lọ, abẹ̀bẹ̀ la ó mú. Bí ó bá sì pọ̀ jù, a ó fa èédú jáde tàbí kí a sọ ìkòkò kalẹ̀. Ti gíríìlì yìí yàtọ̀. Atẹ́gùn ń gba ihò ìsàlẹ̀ wọlé, èéfín ń gba ihò orí ọmọrí jáde, irin pẹlẹbẹ kan sì wà lójú ihò kọ̀ọ̀kan tí a lè tì síwá tì sẹ́yìn. Bí a bá ṣí ihò ìsàlẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ògúnná á pọ́n, ooru á sì gbóná janjan. Bí a bá dí i dé ìdajì, ooru á rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí a bá sì dí gbogbo ihò pátápátá, iná á kú, èédú tó ṣẹ́kù á wà fún ọjọ́ mìíràn. Ti ìkẹyìn yìí nìkan ti dín iye èédú tí a ń rà kù, nítorí pé lórí àdògán ńṣe ló máa ń jó di eérú lẹ́yìn tí oúnjẹ ti jinná. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1952, George Stephen, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Weber Brothers Metal Works, gé irin roboto tí wọ́n fi ń ṣe àmì lójú omi sí méjì, ó fi apá kan ṣe ààrò, ó sì fi èkejì ṣe ọmọrí, nítorí pé afẹ́fẹ́ àti eérú kì í jẹ́ kí ó rí ẹran yan dáadáa. Ọ̀nà yẹn náà ni wẹ́dà wa tọ̀. Àgbá epo ló kàn lò.

Adìyẹ ni ó fi bí gíríìlì yìí ti wúlò tó hàn jù lọ. Bí a bá tẹ́ ògúnná káàkiri abẹ́ irin, tí a sì to itan adìyẹ sórí rẹ̀, ọ̀rá á máa kán sórí iná, ọwọ́ iná á máa sọ sókè, awọ á ti dúdú kí ẹ̀jẹ̀ tó tán lára egungun. Nítorí náà, apá kan ṣoṣo ni kí ẹ kó ògúnná sí, kí apá kejì ṣófo. Apá tó ṣófo yẹn ni kí ẹ to adìyẹ sí, kí ẹ pa ọmọrí dé, kí ooru tó ń yí ká inú rẹ̀ sì máa sè é díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó bá ti jinná dé inú ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sún un sórí ògúnná kí awọ rẹ̀ lè pọ́n. Bí ẹ bá ní irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ooru inú ẹran, ibi tó nípọn jù gbọ́dọ̀ dé 74°C. Ẹ má tètè fi yajì, ìyẹn ata sùyà, pa á, nítorí pé ẹ̀pà inú rẹ̀ máa ń tètè jó, ó sì máa ń korò. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí a gbé e kúrò lórí iná ni àkókò rẹ̀. Ní ti àgbébọ̀ tó ti yé ẹyin gbó, ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ kí ó rọ̀, torí pé kò sí bí iná gbígbẹ ṣe lè rọ̀ ọ́ láàárín wákàtí kan.

Ẹja àrọ̀ kò gba tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi iyọ̀ àti omi gbígbóná fọ yọ̀ọ̀yọ̀ọ̀ ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ jẹ́ kí irin gbóná gan-an, kí ẹ sì fi ààbọ̀ àlùbọ́sà tí ẹ rì sínú òróró pa irin náà kí ẹja tó débẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yí i padà tó sì lẹ̀ mọ́ irin, kò tíì tó yí nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀ sí i.

Èédú ló kàn. Èyí tí wọ́n fi igi àyin ṣe ni mo fara mọ́, torí pé ó wúwo, ó ń pẹ́ lórí iná, bí ẹ bá sì fi ọ̀kan lu èkejì, ẹ ó gbọ́ tó ń dún bí irin. Èédú tí òjò ti pa máa ń ta pàràpàrà, èéfín rẹ̀ sì máa ń wọnú oúnjẹ. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ má da kẹrosíìnì sí i, nítorí pé òórùn rẹ̀ máa ń wà lára ẹja títí a ó fi jẹ ẹ́ tán. Agolo mílíìkì ńlá tí a gé ìdí rẹ̀ kúrò, tí a sì lu ihò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti tó: ẹ fi bébà sí ìsàlẹ̀, ẹ kó èédú lé e lórí, ẹ ṣáná sí i. Nígbà tí eérú funfun bá ti bo ojú èédú, ẹ fi ẹ̀mú gbé agolo náà kúrò, kí ẹ tẹ́ ògúnná náà.

Iṣẹ́ ọwọ́ wẹ́dà náà ní àbùkù, n kò sì ní fi í pa mọ́. Irin aláwọ̀n tó kọ́kọ́ fi sí i jẹ́ irú tí wọ́n fi síńkì bò, èyí tí kò yẹ kí ó sún mọ́ iná oúnjẹ rárá, nítorí pé èéfín síńkì tó bá gbóná jù ń ṣe àyà ní jàǹbá. A ní kí ó yọ ọ́, kí ó fi ọ̀pá irin lásán rọ́pò rẹ̀. Ó kun inú rẹ̀ ní ọ̀dà, ó sì di dandan kí a fi iná líle jó ọ̀dà náà dànù, kí a ha á, kí a tó gbé oúnjẹ kankan lé e. Ọwọ́ ọmọrí jẹ́ irin lásán, ó ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣe é dì mú láìsí àkísà. Kò sí àwo tí eérú lè máa dà sí, bẹ́ẹ̀ eérú ni ó ń dí ihò ìsàlẹ̀ tí iná á fi máa kú. Ọmọrí náà kò tilẹ̀ pa dé ṣinṣin, ṣùgbọ́n èyí kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́ púpọ̀. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, irin àgbá náà nípọn, ó ń pa ooru mọ́, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti èyí tó ń bọ̀ láti òkè òkun.

Àgbàlá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni kí ẹ ti máa lò ó. Ẹ má ṣe gbé e wọ ilé ìdáná tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí òjò, ẹ má sì fi ògúnná rẹ̀ yá iná nínú yàrá nígbà ọyẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù mónósáìdì tó ń ti ara èédú jáde kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn sójú oorun.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wẹ́dà ṣe tiyín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n gbé nínú àgbá náà tẹ́lẹ̀, kí ẹ kọ èyí tó bá jẹ́ ti kẹ́míkà. Ẹ sọ fún wẹ́dà kí ó fi igi bo ọwọ́ ọmọrí, kí ó ṣe àwo eérú tí a lè fà jáde, kí ó má sì kun inú rẹ̀. Ẹ tètè lọ kí Iléyá tó kù fẹ́ẹ́rẹ́, torí pé iṣẹ́ máa ń wọ́ jọ sí ìsọ̀ wọn lákòókò náà, èédú pàápàá a sì máa gbówó lórí.