Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún olùkọ́ gbogbo iṣẹ́ ní Àgbádárìgì: ẹ lọ, àmọ́ ẹ gbọ́ èyí ná

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe fún wa ní Àgbádárìgì nígbà ọlidé tó kọjá, èsì mi ni pé kí ẹ lọ. Ó ní àléébù, n ó sì sọ wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àti aládàáni ti pè mí sí láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ Ìṣirò ní girama, òun ló fún mi ní iṣẹ́ tí mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí wọ́n bá ṣe wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè wá ni pé kí àwa olùkọ́ Ìṣirò, Sáyẹ́ǹsì, Àgíríìkì, Ìtàn àti Home Economics lè dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa nílé-ìwé, ká sì fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe lè ran ọmọ lọ́wọ́ láti ka ìwé iṣẹ́ tiwọn kó sì yé e. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, bí ọmọ kò bá mọ ìwé kà, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì là ń nàka sí. Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Báwo ni olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe fẹ́ kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán ọkàn pẹ̀lú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí ìbéèrè lórí èrè àti àdánù? Èmi tí mo ni iṣẹ́ ló yẹ kí n kọ́ ọ.

Ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Olùdánilẹ́kọ̀ọ́ fún kálukú ní ojú-ìwé kan láti inú iṣẹ́ tirẹ̀, ó ní ká kà á sókè, ká sì máa sọ ohun tó ń lọ lọ́kàn wa bí a ṣe ń kà á. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ Ìtàn gba ìwé kúkurú kan lórí igi Agia, ibi tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere ní 1842 nínú ìlú yìí. Kò tíì dé ìlà kejì tó fi béèrè pé, “Ta ló kọ èyí? Ṣé ó wà níbẹ̀ ni, àbí wọ́n sọ fún un?” Arábìnrin tó ń kọ́ Sáyẹ́ǹsì kò ka tirẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ rárá. Ojú rẹ̀ lọ sórí àwòrán, ó padà sórí ọ̀rọ̀, ó tún mú bírò, ó ya àwòrán tirẹ̀ sétí ìwé. Nígbà tó kàn mí, ìlà kan ṣoṣo ni mo ń kà léraléra, mi ò sì fo ọ̀rọ̀ kankan, ì báà kéré tó.

Ìgbà yẹn ni olùdánilẹ́kọ̀ọ́ wá sọ fún wa pé Timothy Shanahan àti Cynthia Shanahan ti kọ nípa irú nǹkan báyìí ní Amẹ́ríkà ní 2008. Wọ́n bá àwọn onímọ̀ ìtàn, kẹ́místìrì àti ìṣirò ṣiṣẹ́, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà tí kálukú ń gbà kàwé yàtọ̀ síra. Ká ní ìyẹn ló fi bẹ̀rẹ̀ ni, àwọn míì ì bá ti máa tòògbé. A ti kọ́kọ́ fi ojú ara wa rí i, torí náà kò sí ẹni tó tún ń sọ pé ìwé kíkà kì í ṣe iṣẹ́ òun.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní kí kálukú lọ darí ìpàdé àwọn olùkọ́ nílé-ìwé tirẹ̀, kó má sì gùn ju píríọ́dù kan lọ. Wọn kò fẹ́ ká gbé projector lọ. Ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ ni wọ́n ní ká kó sórí tábìlì. Ọ̀kan nínú àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ wá jókòó sẹ́yìn nígbà tí mo ṣe tèmi, nígbà tí a sì parí, kò bi mí ní ohun tí mo sọ. Ohun tí àwọn olùkọ́ yòókù ṣe ló béèrè.

Ìbéèrè tí mo gbé lọ sí ìpàdé náà rèé, láti kíláàsì JSS2: ìyá kan ra àgbọn 60, márùn-ún ₦1,000. Ó tà á, mẹ́rin ₦1,000. Kí ni èrè rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún? Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ló kọ ọ́ pé ìyá náà kò jèrè kankan. Bàbá tó ń kọ́ Àgíríìkì gbé ìwé kan, ó ní, “Àwọn ọmọ yìí kò mọ ìyọkúrò ni?” Mo ní, “Wọ́n mọ̀ ọ́n sà. Ẹ wò ó, ₦1,000 yọ ₦1,000, òdo ni wọ́n kọ.” Màmá tó ń kọ́ Home Economics ló rí i: “Wọn ò ka márùn-ún àti mẹ́rin yẹn. Owó nìkan ni wọ́n ń wò.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo wá fi hàn wọ́n ohun tí mo kọ́: mo kọ ìbéèrè náà sójú pátákó láìfi nọ́ńbà kankan sí i. Ìyá kan ra àgbọn. Ó tà á. Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Kí la mọ̀, kí ni a kò tíì mọ̀? Nígbà tí mo ṣe é ní kíláàsì, àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń ta àgbọn fi Ègùn àti Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn yòókù: bí o bá yọ ẹyọ kan kúrò nínú iye tí o rà tí owó rẹ̀ kò sì yí padà, inú ẹyọ yẹn ni èrè rẹ wà. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó dá àwọn nọ́ńbà padà. Ó fi ₦12,000 rà á, ó tà á ní ₦15,000, èrè ₦3,000, ìyẹn 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ tó ti kọ òdo tẹ́lẹ̀ ló jáde wá ṣe é sójú pátákó.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Bàbá Àgíríìkì gbé àpò ajílẹ̀ òfìfo wọ kíláàsì JSS3. NPK 15-15-15 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ ka ara àpò náà bí ẹni ń ka ìwé: kí ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún, kí ni 15 yẹn ń sọ, kílò mélòó ni náítrójìn nínú àpò kílò 50? Kílò méje àtààbọ̀ ni, torí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni náítrójìn inú rẹ̀. Wọ́n tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tí ilé-iṣẹ́ fi ń kọ ọ́ sára àpò. N kò sọ fún un pé kó ṣe é. Ohun tí mo ń wá nìyẹn, kí olùkọ́ kan rí i lọ́dọ̀ ẹnì kejì, kó sì fi sínú iṣẹ́ tirẹ̀.

Láti 1980 ni Bruce Joyce àti Beverly Showers, àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, ti ń kọ ọ́ pé bí olùkọ́ bá kàn gbọ́ àlàyé, tó sì wo àfihàn, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń dé kíláàsì, àfi tó bá dán an wò tí ẹnì kan sì tẹ̀ lé e débẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a mọ̀ lágbègbè yìí kì í kọjá ìjókòó, ìpanu àti sáàtífíkéètì. Wíwá tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn wá jókòó sẹ́yìn ní ìpàdé mi ni mo fi sọ pé èyí yàtọ̀.

Àléébù rẹ̀ wá ńkọ́? Ìwé tí wọ́n pín fún wa, láti ìlú òyìnbó ni gbogbo àpẹẹrẹ inú rẹ̀ ti wá. Yìnyín ló wà nínú ti Sáyẹ́ǹsì, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ló wà nínú ti Ìṣirò. Ọjọ́ ìkẹyìn náà yá jù, wọ́n kàn sáré fọwọ́ kan apá ìwé kíkọ ni, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń pàdánù máàkì jù lọ. Oúnjẹ dára, gbọ̀ngàn gbóná.

Èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ èdè. Ọ̀kan nínú àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ká má gbà kí ọmọ fi èdè ilé sọ̀rọ̀ nígbà iṣẹ́. Mo nawọ́, mo ní, “Ẹ má bínú mà, n kò gbà. Ègùn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ mi fi ń ronú kí wọ́n tó sọ ọ́ síta.” Láti 1970 ni Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ olùkọ́ ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ yẹn. Ká ní mo pa àwọn ọmọ tó sọ Ègùn lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ àgbọn yẹn, kò sẹ́ni tí ì bá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn yòókù.

Wọn kò sì kọ lẹ́tà sí àwọn púrínsípà ṣáájú. Ọ̀gá tèmi fún mi ní àyè nínú tàìmù-tébù. Ní ilé-ìwé arábìnrin kan tí a jọ ṣe é, wọ́n ní kó ṣèpàdé rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde, nígbà tí gbogbo olùkọ́ ti ń sá lọ wọ kẹ̀kẹ́. Kò rí ẹni bá jókòó.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí èyí tó ń bọ̀, ẹ lọ bá púrínsípà yín kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, kó fún yín ní píríọ́dù kan lọ́sẹ̀ fún ìpàdé náà. Ẹ lọ ní méjì-méjì láti ilé-ìwé kan, kí iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ má jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ kó ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ dání, ní pàtàkì èyí tí wọ́n gbà sódì, torí òun ni ẹ máa lò látàárọ̀ títí dalẹ́.