Ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún àpọ́n tí ò bímọ: èmi tí mo rà á, ohun tí mo rí nìyí

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́nì kan má bàa ka gbogbo ẹ̀ tán kó tó mọ ibi tí mò ń lọ: mo ní ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí, mò ń sanwó ẹ̀ lóṣooṣù, mi ò kábàámọ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá gbé bíi tèmi ò nílò ẹ̀ rárá. Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, 3 nínú 5 ni.

Àpọ́n ni mí, mi ò bímọ, àwọn òbí mi ń gba owó ìfẹ̀yìntì tiwọn, wọn ò gbójú lé tèmi. Tí mo bá kú lọ́la wọ́n á sunkún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tébi máa pa nítorí ẹ̀. Lóònù ló jẹ́ kí n rà á. Nígbà tí mo yá owó tí mo fi parí ilé-ìwé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fọwọ́ síwèé bí onídùúró mi, òun sì rèé, ó lọ́mọ, ó ń san owó ilé, kò sì síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé yẹn pé tí mo bá ti kú ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n máa gbà lọ tààrà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbé sọ́kàn kí n sì sùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ lóònù tẹ́ ò ní onídùúró, tiyín yàtọ̀ o. Níbi púpọ̀, inú ohun tí òkú fi sílẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ gbèsè ẹ̀, tí ò bá wá tó, ẹni tó yá a lówó ló pàdánù, kì í ṣe ìyá ẹ̀ tàbí àbúrò ẹ̀. Àwọn agbowó gbèsè ṣì lè máa pe ẹbí, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bíi pé dandan ni (iṣẹ́ wọn nìyẹn). Àmọ́ àwọn ibòmíràn wà, bíi Faransé àti Jámánì, tó jẹ́ pé ẹni tó bá gba ogún ti gba gbèsè mọ́ ọn, tó bá sì rí i pé gbèsè ló pọ̀jù ó lè kọ ogún náà sílẹ̀. Ẹ bèèrè òfin ibi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó jẹ́ kẹ́ni tó ń tajà fi ìyẹn dẹ́rù bà yín.

Èyí tí mo rà ni èyí tó níye ọdún, tí wọ́n ń pè ní term, ọdún ẹ̀ sì bá ọdún lóònù mi mu. Tí mo bá kú láàárín ìgbà yẹn wọ́n á sanwó fún ẹ̀gbọ́n mi, tí mi ò bá kú, owó tí mo san ti lọ nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé òfò ni. Òfò báwo? Ṣé kéèyàn wá kú kówó ẹ̀ má bàa ṣòfò ni?

Bọ̀dá tó tà á fún mi ò fẹ́ kí n ra term, whole life ló fẹ́ kí n rà, èyí tó máa ń bá èèyàn dójú ikú tó sì ní owó ìfipamọ́ nínú, ó ní owó mi á máa dàgbà, ó ní mo lè yá nínú ẹ̀. Irọ́ kọ́ o, ó máa ń dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ní kó ṣí ojú ìwé tí wọ́n kọ iye tí mo máa rí gbà sí tí mo bá jáwọ́ lọ́dún kejì tàbí ọdún kẹta, kò sì yá a lára láti ṣí i. Àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, owó ilé-iṣẹ́ àti owó kọmíṣọ̀n ẹni tó tà á ló ń jẹ ẹ́, ẹni tó bá sì tètè jáde máa gba nǹkan tó kéré gan-an sí ohun tó san, nígbà míì kò ní gba nǹkankan. Owó tí wọ́n ní kí n máa san lóṣù sì fi ìlọ́po ìlọ́po ju ti term lọ, fún iye kan náà tí wọ́n máa san tí mo bá kú. Fún àpọ́n tó fẹ́ fowó pamọ́, ibi tó rọrùn ju ìyẹn lọ pọ̀.

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé gbogbo ìgbà ló ń sọ pé "àbúrò mi, ikú ò dọ́jọ́ o". Mo ní ẹ̀yin bọ̀dá, ẹ parí ẹ̀ jàre, àrùn ò dóṣù náà ńkọ́? Torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ èmi àpọ́n wà. Tí mo bá kú, mo ti lọ. Tí mi ò bá kú ńkọ́, tí ẹ̀yìn mi kàn dá, tí mi ò lè ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, ta ló máa sanwó ilé? Ẹni tó níyàwó lè máa fowó oṣù ìyàwó ẹ̀ gbọ́ bùkátà fúngbà díẹ̀, èmi ò ní owó oṣù kejì. Ìnṣọ́ránsì tó ń san apá kan owó oṣù ẹni tí àìsàn tàbí jàm̀bá bá dá a dúró wà, nǹkan bíi ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta owó oṣù ló máa ń jẹ́, wọ́n kì í sì í bẹ̀rẹ̀ sí í san án lójú ẹsẹ̀, èèyàn á ti dúró bóyá 30 ọjọ́, bóyá 90, torí ẹ̀ owó ìpamọ́ ṣì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Bọ̀dá ò dárúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo lágbára mi gbé, ìyẹn ni mo máa rà kí n tó ra ti ikú.

Rírà á fúnra ẹ̀ ò le. Fọ́ọ̀mù gùn: ṣé mò ń mu sìgá, ṣé bàbá tàbí ìyá mi ní àrùn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ṣé mo máa ń ṣe eré ìdárayá tó léwu. Nọ́ọ̀sì wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀. Ẹ má parọ́ sìgá o, ó máa ń hàn nínú ìtọ̀, owó amusìgá sì lè tó ìlọ́po méjì tẹni tí kì í mu ún tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi púpọ̀ téèyàn bá kú láàárín ọdún 2 àkọ́kọ́, wọ́n láṣẹ láti padà lọ tú fọ́ọ̀mù ẹ̀ wò, tí wọ́n bá sì bá irọ́ níbẹ̀ wọ́n lè kọ̀ láti sanwó.

Wọ́n tún máa ń sọ pé kéèyàn tètè rà á torí ó wọ́n fún àgbà. Òótọ́ ni, láti 1762 tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí kan tó ń jẹ́ Equitable sílẹ̀ ní London ni wọ́n ti ń fọjọ́ orí ṣírò ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan téèyàn ò nílò, tó wá ń sanwó ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá torí pé ó ṣì dínwó, èrè wo ló wà níbẹ̀? Ẹnì kan ṣoṣo tí mo máa gbà fún ni ẹni tí àrùn kan ń jà nínú ìdílé wọn, tó sì mọ̀ pé òun máa fẹ́ níyàwó bímọ. Tí dọ́kítà bá ti kọ orúkọ àrùn yẹn sínú fáìlì ẹ̀, ó lè má rí ẹni tà á fún un mọ́, tàbí kí wọ́n bu owó lé e. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó tètè wọlé.

Kẹ́ ẹ tó ra nǹkankan, ẹ bi ọ́fíìsì yín bóyá wọ́n ti ra tiyín fún yín, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe é, iye ẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ owó oṣù ọdún kan tàbí ìlọ́po ẹ̀. Tèmi náà ní in, ṣùgbọ́n ọjọ́ téèyàn bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ló máa ń lọ, lóònù mi ò sì mọ̀ bóyá mo ṣì níṣẹ́.

Ibi tí máàkì méjì yẹn ti lọ: iṣẹ́ wọn lẹ́yìn títà ò dáa. Mo fẹ́ yí àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n mi padà lórí ìwé, ímeèlì lọ, ímeèlì bọ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kí n wá ra èyí tó wọ́n jù, wọ́n mọ nọ́ńbà mi dáadáa. Ẹ sì rí i pé orúkọ ẹni tó máa gbowó wà níbẹ̀ lọ́nà tó tọ́ o. Tí ò bá sí orúkọ, àárín ogún lówó yẹn sábà máa ń bọ́ sí, ó máa wá gba ilé-ẹjọ́, àwọn tí òkú jẹ lówó á sì ti wà níwájú lórí ìlà. Tó bá sì jẹ́ orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin àtijọ́ ló wà níbẹ̀, òun náà ló lè gbà á, ẹ má sọ pé mi ò sọ.

Tí lóònù bá tán màá dá a dúró. Àyàfi tí ẹnì kan bá ti ń jẹun lábẹ́ mi nígbà yẹn, màá tún ìṣirò ṣe.