Téèpù dúdú àbí heat shrink: èwo ni kí a fi bo ojú ìsopọ̀ wáyà ọkọ̀?

Bí òjò bá ti ń dá adágún sójú títì ní Àkúrẹ́, ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn onímọ́tò. Heat shrink ni ọ̀pá ike rírọ̀ tó ní ihò nínú, tó máa ń súnkì mọ́ wáyà bí ooru bá kàn án.

Téèpù kò wọ́n, ó sì rọrùn láti tú bí a bá fẹ́ yẹ ibẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ooru ẹ́ńjìnnì máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀, etí rẹ̀ á ṣí, omi á wọlé. Omi ọ̀hún kì í dúró síbi tó gbà wọlé o: á máa fà lọ láàárín àwọn okùn kọ́pà tín-ín-rín, kọ́pà á di aláwọ̀ ewé, iná ò ní lọ geere mọ́. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ fà á le díẹ̀ bí ẹ ti ń wé e, kí ìyípo kọ̀ọ̀kan gun ìdajì èyí tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ má fa òpin rẹ̀.

Heat shrink tó ní gọ́ọ̀mù nínú wọ́n ju téèpù lọ, kò sì ṣeé tú, àfi ká gé e. Ẹ ti wáyà bọ inú rẹ̀ kí ẹ tó so wáyà pọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé, á tún ìsopọ̀ ṣe ni. Ẹ fi ooru sí i láti àárín lọ sí etí, títí gọ́ọ̀mù á fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Èyí tí kò ní gọ́ọ̀mù kì í dá omi dúró.

Lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, téèpù tó. Fún wáyà abẹ́ ọkọ̀ àti ti ẹ́ńjìnnì, heat shrink ni. Bí wáyà bá já lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lálẹ́, ẹ fi téèpù wé e délé.