Airbus, Boeing, Embraer: èwo ló gba ìdí ẹni?

Iṣẹ́ àga ni mo ń ṣe ní Òkè-Fíà, níbí ní Òṣogbo. Mo ń gé fóòmù, mo ń kan pákó, mo ń fi awọ tàbí aṣọ bo àga. Nítorí náà, bí mo bá wọ bàálù, ìjókòó ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń lọ. Mo máa fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù rẹ̀, mo máa wo bí wọ́n ṣe rán etí rẹ̀, tépù mi kì í sì í jìnnà sí mi. Àwọn tó mọ̀ pé èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi máa ń lọ wo àwọn ọmọ lókè òkun a máa bi mí pé bàálù wo ló dára jù. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ wọn ní lọ́kàn. Ti ìdí àti èjìká ni èmi máa ń dá wọn lóhùn, torí ẹni tó bá jókòó há fún wákàtí mẹ́wàá, ara rẹ̀ ló máa san ìyókù owó náà.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀ ná. Kì í ṣe Airbus tàbí Boeing, àwọn tó ń ṣe bàálù, ló ń ṣe àga tí à ń jókòó sí. Ilé iṣẹ́ tó ń fi bàálù kó èrò ló ń yan àga lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ àga bíi Recaro ti Jámánì. Ẹ wo ilẹ̀ bàálù dáadáa, ní ẹsẹ̀ àga: irin gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dá ihò sí lára, ihò kan sí èkejì jẹ́ ínṣì kan. Inú ihò wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń ti àga mọ́lẹ̀. Bí ọ̀gá kan bá ní kí wọ́n fi ìlà kún un, wọ́n á fi ínṣì díẹ̀ sún àga kọ̀ọ̀kan mọ́ ti iwájú rẹ̀, orúnkún yín ló sì máa gba ìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè san owó ìjókòó ẹ̀gbẹ́ wíńdò kí ó wá jẹ́ ògiri lásán lẹ máa bá níbẹ̀. Wíńdò kò kúrò níbi tí wọ́n ṣe é sí, àga ni wọ́n sún.

Àmọ́ ẹni tó ṣe bàálù ló pinnu bí inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣe rí, àti bí ariwo rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń fi ọ̀kan wé èkejì.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn tó ń ná Èkó sí Àbújá. Nínú Boeing 737, láti ògiri kan dé èkejì jẹ́ mítà 3.54. Nínú Airbus A320, mítà 3.70 ni. Èèyàn mẹ́fà ni wọ́n sì ń tò sí ìlà kan nínú méjèèjì. Ẹ pín sẹ̀ǹtímítà 16 tó wà láàárín wọn fún èèyàn mẹ́fà, ẹ ó rí i pé ó lé díẹ̀ ní ínṣì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Boeing mú ìbú ara 737 láti ara 707, tó kọ́kọ́ fò ní 1957. Nígbà tí A320 máa fi fò ní 1987, Airbus ti rí ohun tí Boeing ṣe, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí tiwọn fẹ̀ jù ú lọ. Ínṣì kan kò jẹ́ nǹkan kan nínú pálọ̀. Ẹ jókòó sí àárín àwọn ọkùnrin méjì nínú 737 ná, kí ẹ wá rí i bí èjìká yín ṣe máa wọ́ síwájú, tí ẹ ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ itan títí ẹ ó fi balẹ̀. Nínú A320, ìgbúnwọ́ mi máa ń rí ibi sinmi.

Embraer ti Brazil ló wù mí jù fún ìrìn abẹ́lé. Èèyàn méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, kò sí ìjókòó àárín rárá. Air Peace ló kọ́kọ́ fi E195-E2 kó èrò ní ilẹ̀ Áfíríkà, láti 2021. Airbus A220 tí Ibom Air ń lò náà dára gan-an: méjì lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, àga rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti 737 lọ.

Ti ọ̀nà jíjìn ló gba sùúrù. Boeing 787 àti Airbus A350 ni ọjà ń jà lé lórí, mo sì fẹ́ràn àwọn méjèèjì. Bí bàálù bá ga lókè, wọ́n máa ń fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kí a lè mí, ṣùgbọ́n kì í nípọn tó ti ilẹ̀. Nínú àwọn bàálù onírin, ó lè rí lára bíi pé a wà ní ibi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8,000, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ téńté òkè Chappal Waddi ní Taraba, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà. Nínú 787 àti A350, wọn kì í jẹ́ kó ju 6,000 lọ. Okùn carbon tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle mọ pọ̀ ló kó nǹkan bí ìdajì ìwúwo wọn. Kì í tètè rẹ̀ bí irin, kì í sì í dípẹtà, nítorí náà wọ́n lè fún afẹ́fẹ́ tó nípọn jù sínú bàálù náà, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀rinrin pọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyàwó mi, tí orí máa ń fọ́ bó bá ti wọ bàálù, sọ̀ kalẹ̀ nínú 787 ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ebi ń pa òun. N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí lẹ́yìn ìrìn òru.

Wíńdò 787 ga, ó sì tóbi ju ti gbogbo wọn lọ. Bọ́tìnnì lẹ máa tẹ̀ kí gíláàsì rẹ̀ tó ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan àga, Airbus ló gbà á lọ́wọ́ mi. Boeing rò pé èèyàn mẹ́jọ ni wọ́n máa tò sí ìlà kan nínú 787, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń fi í kó èrò ló tò ó ní mẹ́sàn-án. Mítà 5.49 ni inú rẹ̀, ti A350 jẹ́ 5.61, èèyàn mẹ́sàn-án náà sì ni. Mo wọn ìjókòó méjèèjì: ínṣì 17 àti díẹ̀ nínú 787, 18 nínú A350. Irú ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún Boeing 777. Mẹ́sàn-án ló gbà dáadáa, mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ ń tò síbẹ̀ báyìí. Nínú irú 777 bẹ́ẹ̀ ni mo ti jókòó lé fóòmù tó ti kú, tí irin àga ń gún mi nídìí láti Èkó. Fóòmù bàálù gbọ́dọ̀ tako iná, mo mọ̀, kò sì lè rọ̀ bíi ti pálọ̀. Ṣùgbọ́n èyí ti gbó ni, ẹni tó ni bàálù náà ló yẹ kó pààrọ̀ rẹ̀.

Fún tọkọtaya, ẹ wá A330. Ó ti pẹ́, kò ní afẹ́fẹ́ tó dára tó ti A350, ṣùgbọ́n méjì-mẹ́rin-méjì ni wọ́n tò ó. Èmi àti ìyàwó mi nìkan la máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, kò sí ẹni tí a máa jí kí a tó lọ ilé ìtọ̀.

Ọmọ tó ń bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì ní Ìgbóǹnà ti mọ ìbéèrè mi. Bó bá ní, “Bàbá, èyí dínwó o,” mo máa ní, “Ọmọ mi, irú bàálù wo ni?” Ó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀: 359 ni A350, 789 ni 787, 333 tàbí 339 ni A330, 77W ni 777. Bó bá jẹ́ 77W, ẹ bèèrè iye èèyàn tó wà ní ìlà kan. Bí wọ́n bá ní mẹ́wàá, ẹ fi owó díẹ̀ kún un kí ẹ gba etí ọ̀nà, kí èjìká kan lè ráyè.