Kọ́fà súù búráùn tí mo wọ̀ látinú òjò dé inú ọyẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ mi báyìí, ó ti tó oṣù mọ́kànlá tí mo ti ń wọ̀ ọ́, mo sì ti ṣèlérí fáwọn kan lọ́fíìsì wa pé màá sọ bó ṣe rí. Kọ́fà súù ni, búráùn, awọ màlúù gidi, kò ní okùn, ẹ kàn máa ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ni. ₦38,000 ni mo rà á lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ṣe bàtà ní Múṣin l'Ékòó. Ìbàdàn lèmi ń gbé o, torí náà orí Wasáàpù la ti ná an, ó ní kí n tẹ ẹsẹ̀ mórí pépà, kí n fi báírò yí i ká, kí n fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí n ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ló wéébìlì ẹ̀ láti Ọ̀jọ́ta, mo lọ gbà á ní Ìwó Róòdù. Ó bá mi lẹ́sẹ̀ rẹ́gí, bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ mi.

Ohun tó jẹ́ kí n rà á ni pé ọ̀rọ̀ bàtà ti sú mi. Márùn-ún ló wà nílé nígbà yẹn, kò sì sí ìkankan tó ṣeé wọ̀ lọ sí ibi méjì. Dúdú tí mo fi ń wọ súùtù ò bá nétífù lọ, pàámù ò ṣeé wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè, kánfáàsì ńkọ́, tí mo bá wọ ìyẹn lọ síbi ìkómọ, màmá mi á kàn máa wo ẹsẹ̀ mi ni, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Méjì tó kù, awọ ayédèrú ni, PU, wọ́n sì ti ń bó bí ara ejò. Ooru pẹ̀lú ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ló ń ba irú ẹ̀ jẹ́, kódà kẹ́ ẹ má wọ̀ ọ́ rárá, inú páálí tẹ́ ẹ gbé e sí náà ló máa bó sí.

Júùnù ni bàtà yìí tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú òjò gan-an. Ọ̀sẹ̀ kejì, òjò ká mi mọ́ Dùgbẹ̀, kò sí takisí Máìkìrà kankan, mo fẹsẹ̀ rìn nínú àgbàrá, kí n tó délé sóòlù apá ọ̀tún ti lanu bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Mo wò ó dáadáa, áà! Gọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, okùn tí mo rò pé wọ́n fi rán an yíká yẹn, ẹ̀ṣọ́ lásán ni! Mo pe ọmọkùnrin yẹn, ó bẹ̀ mí, ó ní kí n dá a padà, òun á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ta ló máa sanwó wéébìlì àlọ àtàbọ̀? Ṣúmékà àdúgbò wa ni mo gbé e fún, ₦3,000, ó rán an yípo, kò sì tíì ya títí dòní. Èyí dùn mí o, torí ẹni tó mọ awọ yàn báyẹn ò yẹ kó fi sóòlù ṣeré.

Ṣúmékà yìí náà ló bá mi wí nígbà tí mo ní kí n sá bàtà sóòrùn. Ó ní awọ tó bá gbẹ lójijì, gígan ló máa gan, á wá máa là. Ìwé ìròyìn ni kí n rún sínú ẹ̀, kí n máa pààrọ̀ ẹ̀ tó bá ti mu omi, kí n gbé e síbi tí atẹ́gùn wà, ọjọ́ méjì ó ti gbẹ. Ẹ má sì tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù nígbà òjò bíi tèmi, ọ̀sẹ̀ kan péré, mo ṣílẹ̀kùn, ó ti bu, funfun báláú bíi búrẹ́dì ọjọ́ kẹfà. Mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún níta, ó lọ, àmọ́ òórùn ẹ̀ pẹ́ díẹ̀.

Aṣọ wá ńkọ́? Nínú òjò, mo gbé jíìnsì tì, torí tó bá ti rin, ó wúwo, kì í sì í tètè gbẹ. Ṣòkòtò fẹ́lẹ́ tó dúró sọ́rùn ẹsẹ̀ ni mo ń wọ̀, aláwọ̀ búlúù tó ṣú, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan báyìí tí mi ò lè ṣe láìní. Tó bá di Fúráìdè, bùbá àti ṣòkòtò àdìrẹ tí mo rà ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, búlúù tó sún mọ́ dúdú. Ẹ ò lè gbà gbọ́ bí aró àti búráùn ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀! Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí kì í ṣe aró ewé ẹlú mọ́, aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì ni, ó sì ń ṣí. Tèmi ṣí sínú òjò, ọrùn ẹsẹ̀ mi di búlúù, inú bàtà náà gbà díẹ̀ ńbẹ̀. Ẹ fi omi tútù ṣàn án lọ́tọ̀ títí omi á fi mọ́ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ jáde, ẹ jọ̀ọ́.

Ọyẹ́ ló wá jẹ́ kí n mọyì búráùn. Eruku pupa tó ń bo gbogbo nǹkan ní Dìsẹ́ńbà, orí bàtà dúdú ló ti ń hàn bí ìyẹ̀fun, orí tèmi yìí ẹ ò ní tètè rí i. Àmọ́ ọyẹ́ ò mọ awọ èèyàn yàtọ̀ sí ti màlúù, bí gìgísẹ̀ ṣe ń là ni ibi tí bàtà ti ń ká náà ń là. Òrí tí mo fi ń para ni mo fi pa á, díẹ̀ bíńtín, ó rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó máa jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀ ṣú sí i ṣá, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn gìgísẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn náà ni mo ń wọ̀ láàárọ̀, súwẹ́tà bọ́síkọ́nà lórí ẹ̀, jíìnsì ti padà dé. Níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, sányán ni mo wọ̀. Aṣọ tó wúwo báyẹn, inú ọyẹ́ lèèyàn ti ń gbádùn ẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́ ní Máàṣì kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ẹ ò ní làágùn bí ẹṣin. Bàtà yẹn kan náà ni mo wọ̀ sí i, màmá mi wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní, "Èyí dáa."

Ooru Máàṣì nìkan ni bàtà yìí ò fẹ́ràn. Ẹsẹ̀ ń làágùn nínú ẹ̀, ọjọ́ méjì léraléra ó ti ń rùn, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ kékeré tí kì í hàn síta yẹn, ẹ sì fún un ní ìsinmi ọjọ́ kan.

Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀ báyìí. Lánàá ni ọmọ Múṣin yẹn fi fọ́tò bàtà dúdú kan ránṣẹ́ sí mi, ó dán, ó wù mí. Mo bi í pé ṣé wọ́n rán sóòlù ẹ̀ àbí gọ́ọ̀mù náà ni, ó ní tí mo bá fẹ́ rírán, kí n fi ₦4,000 lé e. Mo ní kó rán an, kó sì ya fọ́tò ìdí ẹ̀ kí n tó sanwó.